Ta Ni Ó Ń Kan Ilẹ̀kùn Lóru?

Ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì Terminale ní ìbéèrè kan láti kọ àròkọ lé lórí: «Ǹjẹ́ ènìyàn lè múra sílẹ̀ de ohun tí kò mọ̀?» Ohun tí mo sábà máa ń rí ni mo ń retí. Àwọn kan yóò kọ̀wé nípa ikú, àwọn kan nípa ìdánwò BAC, àwọn mìíràn yóò sì kó orúkọ gbogbo onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí wọ́n ti há sórí jọ sí ojú ewé kan. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ kọ ojú ewé mẹ́ta nípa eré orí kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní Darkwood. Inú mi kò kọ́kọ́ dùn sí i. Mo rò pé ó fi iṣẹ́ mi ṣeré ni. Nígbà tí mo kà á parí, mo ránṣẹ́ pè é, mo ní kí ó wá fi eré náà hàn mí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ mú mi rántí òru kan nínú ayé ara mi, tí mo ti ń gbìyànjú láti gbàgbé.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní orílẹ̀-èdè Pólándì, tí a ń pè ní Acid Wizard Studio, ni ó ṣe é, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2017. Inú igbó ńlá kan ní Pólándì, ní ayé ìjọba kọ́múnísì, ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Igbó náà ti gbòòrò débi pé ó ti dí gbogbo ọ̀nà. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò lè jáde mọ́. Ní ọ̀sán, ẹni tí ń ṣe eré náà máa ń jáde láti inú ahéré rẹ̀ láti wá pátákó, ìṣó, epo àti ohun ìjà. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, ó níláti padà sílé bí kò bá fẹ́ kú. Yóò kan pátákó mọ́ fèrèsé, yóò fa kọ́bọ́ọ̀dù dí ẹnu ọ̀nà, yóò bu epo sínú ẹ̀rọ amúnáwá, yóò sì dúró de òwúrọ̀. Láti òkè ni a ti ń wo ilé náà, bí ẹyẹ ṣe ń wo àgbàlá, síbẹ̀ ohun tí ó wà níwájú rẹ nìkan ni ó hàn sí ọ. Ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ, o kò ní rí i àfi bí o bá yíjú padà.

Òru gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Òru kan kò jọ èkejì. Ní òru kan, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ju kí ilé máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ní òmíràn, ẹnìkan yóò kan ilẹ̀kùn. Ní òmíràn, iná yóò máa ṣẹ́jú, òjìji yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Ní òmíràn ẹ̀wẹ̀, ohun kan yóò fọ́ fèrèsé wọlé. Kò sí àmì kan ní ìrọ̀lẹ́ tí yóò sọ èyí tí ó ń bọ̀. Ẹni tí ó bá là á já yóò rí oníṣòwò kan ní òwúrọ̀, yóò sì gba èrè òru náà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ọ́ pé ọ̀nà méjì ni òun ti gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù bà á débi pé gbogbo fèrèsé ni ó kàn pa, gbogbo ẹnu ọ̀nà ni ó fi ẹrù dí, ó sì ná gbogbo pátákó tí ó ní tán ní alẹ́ kan ṣoṣo. Ní òru ọjọ́ náà, ohun kan fọ́ fèrèsé tí ó fọkàn tán jù lọ wọlé. Ó fẹ́ sá jáde, ṣùgbọ́n ẹrù tí òun fúnra rẹ̀ fà sí ẹnu ọ̀nà ni ó há a mọ́lé. Nígbà tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ ìrètí nù. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé orí ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀, kí ni òun ń fi pátákó ṣòfò fún? Ó bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sí igun ilé láìṣe nǹkan kan. Òru tí nǹkan kò dé, ó yè. Òru tí nǹkan dé, ó kú.

Mo rò pé púpọ̀ nínú wa ni ó ń gbé ayé ní ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì yìí. A mọ ẹni tí ó ń tọ́jú owó de ọjọ́ ibi, tí ó sì há a mọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ fi ń ṣàìsàn nílé láìrí oògùn. A sì mọ ẹni tí kò fi ìdérí bo kànga rẹ̀, tí ó ní ohun tí orí bá yàn kò ní ṣàì ṣẹ. Àwọn méjèèjì dà bí ẹni tí ó lòdì sí ara wọn, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n gbà pé ète ìmúrasílẹ̀ ni láti dá ohun tí ń bọ̀ dúró. Ẹni èkíní rò pé òun lè dá a dúró. Ẹni kejì rí i pé kò ṣeé dá dúró, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ lẹ́rán.

Àwọn àgbà wa kò rò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, bí òní ti rí, ọ̀la kò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ wo bí òwe yìí ti jinlẹ̀ tó. Kò sọ pé nítorí pé ọ̀la kò jọ òní, kí babaláwo ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kò sì sọ pé bí ó bá ti dá Ifá lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí ó sọ ni pé àìdúró-sójú-kan ayé gan-an ni ìdí tí iṣẹ́ ìṣọ́ra kò fi gbọdọ̀ dúró. Ẹni tí ó lọ ṣe àyẹ̀wò yóò sì padà sílé pẹ̀lú ohun kan tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe. Kò ní padà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí ó fi ti ọ̀la pa.

Épictète, tí ó jẹ́ ẹrú rí ní Róòmù, kọ́ni ní ohun kan tí ó súnmọ́ èyí. Ó pín gbogbo nǹkan sí méjì: èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa, àti èyí tí kò sí ní ìkáwọ́ wa. Ohun tí yóò kan ilẹ̀kùn lóru kò sí ní ìkáwọ́ mi. Bí mo ṣe máa dáhùn wà ní ìkáwọ́ mi. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí lọ́dọọdún, mo sì ti fún wọn ní máàkì lé e lórí. Ṣùgbọ́n eré akẹ́kọ̀ọ́ yìí fi ohun kan hàn mí tí n kò fi taratara sọ fún wọn rí: ìdáhùn ènìyàn pàápàá lè bọ́ kúrò ní ìkáwọ́ rẹ̀, bí ẹ̀rù bá ti kọ́kọ́ gbà á.

A níláti mọ irú ẹ̀rù tí à ń sọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ewu tí a ti kéde rẹ̀, bí ó ti wù kí ó le tó, ó ní orúkọ. Bí Orò bá fẹ́ jáde ní ìlú, a máa ń kéde rẹ̀. Ẹni tí kò gbọdọ̀ rí i mọ ìgbà tí yóò wọlé àti ìgbà tí yóò jáde. Òru tí kò ní ìkéde ni ó ṣòro. Kierkegaard, ará Dẹ́ńmáàkì, fi ìyàtọ̀ sáàárín méjèèjì nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1844: ìbẹ̀rù ní ohun kan pàtó tí ó ń bẹ̀rù, àìbalẹ̀ ọkàn kò ní. Nígbà tí mo ka apá yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ mi, kíá ni ó dáhùn.

«Ọ̀gá, kíkan ilẹ̀kùn ni ó burú jù. Bí ẹranko bá wọlé, mo mọ ohun tí mo lè ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, tí ó sì dákẹ́, n kò mọ̀. Ńṣe ni mo máa ń pa iná, tí mo máa ń jókòó sí igun ilé títí yóò fi lọ.»

Mo dákẹ́. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn, lójú ayé.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí. Àkókò ọyẹ́ ni. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa ti lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, èmi nìkan ni mo wà nílé, ní ìpẹ̀kun àdúgbò, níbi tí iná ìjọba kò tíì dé dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àwọn olè ti wọ ilé kan nítòsí wa, wọ́n sì ti ṣá ọkùnrin kan lọ́gbẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀pá irin dí ilẹ̀kùn, tí mo sì ń gbé àdá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ní nǹkan bí agogo méjì òru, mo gbọ́ kíkan ilẹ̀kùn. Mo pa tọ́ọ̀ṣì. A tún kàn án. Mo gbọ́ ohùn kan tí ó rẹlẹ̀, n kò mọ ohun tí ó ń sọ nítorí pé ọkàn mi ń lù kìkì nínú etí mi. Mo fa ara mọ́ ògiri, mo di àdá mú. A kàn án lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹsẹ̀ tí ó ń yára lọ.

Ní òwúrọ̀ ni mo gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ni. Ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Gìrì mú ọmọ rẹ̀, ibà ti gbé ara ọmọ náà gbóná bí iná, èmi nìkan ni mo sì ní alùpùpù ní ẹsẹ̀ ilé wa. Nígbà tí n kò dáhùn, ó pọn ọmọ náà, ó fi ẹsẹ̀ rìn nínú òkùnkùn títí ó fi dé ilé ìwòsàn. Ọmọ náà yè. Nígbà tí mo lọ kí i, ó kí mi bí ó ti máa ń kí mi.

«Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Ìbejì. Mo rò pé ẹ kò sí nílé ni.»

Alùpùpù mi wà nínú ọgbà ní gbogbo òru yẹn, níbi tí ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ti lè rí i. Ó mọ̀, èmi náà mọ̀ pé ó mọ̀. Kò mẹ́nu kàn án mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo sọ ìtàn yìí fún kíláàsì nígbà tí a ń jíròrò lórí àwọn àròkọ náà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ta kò mí, ó sì rí ọ̀rọ̀ sọ.

«Ọ̀gá, ẹ má bínú. Bí ó bá jẹ́ olè ńkọ́? Àwọn olè máa ń rán obìnrin ṣíwájú. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn tí wọ́n pa yín, ta ni yóò tọ́ àwọn ìbejì?»

Kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè yìí. Ẹ̀rù mi kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ọgbẹ́ aládùúgbò mi kò tíì jinná. Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tí ó bá kàn án lóru, mo ti di ẹni tí ó ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ṣe oore. Òru kan wà tí títi ilẹ̀kùn pa jẹ́ ohun tí ó tọ́. N kò jẹ̀bi pé mo ti ilẹ̀kùn mi. Ẹ̀bi mi wà níbòmíràn.

Mo ti ń múra sílẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ra ọ̀pá irin, mo pọ́n àdá, mo yẹ fèrèsé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n irú àlejò kan ṣoṣo ni mo múra sílẹ̀ dè. N kò bi ara mi léèrè rí ní ojú ọ̀sán pé: bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó nílò mi ni ó kan ilẹ̀kùn ńkọ́, báwo ni n ó ṣe mọ̀ ọ́n, kí ni n ó sì ṣe? Àwọn àgbà ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, òun ló dífá fún «Ìwọ ta nì yẹn?» Ìbéèrè yẹn ni òru ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wà nílé, ó sì ṣeé béèrè láti ojú fèrèsé tí a fi irin dí, láìṣí ohunkóhun. Mo ní fèrèsé náà. N kò béèrè. Ẹ̀rù ti dáhùn fún mi kí n tó la ẹnu.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ète ìmúrasílẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí a sábà máa ń rò. À ń múra sílẹ̀ de ohun tí a kò mọ̀ kí ó má bàa jẹ́ ẹ̀rù ni yóò yàn fún wa nígbà tí ó bá dé. Òru kì í ṣe àkókò àròjinlẹ̀. Ohun tí a kò bá ti rò ní ọ̀sán, a kì í sábà rí i rò ní agogo méjì òru. Ẹni tí ó ti dí ilé rẹ̀ dáadáa ní agbára láti dáhùn ju ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ìdè lọ. Bí ó bá fi agbára náà pa ẹnu mọ́, kí ni ó dí ilé fún?

Àwọn baba wa ní Kétu mọ èyí. Wọ́n mọ odi yí ìlú ká, wọ́n gbẹ́ yàrà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì kọ́ Akaba Ìdènà, ẹnubodè tí ó ní ilẹ̀kùn ní ìpele méjì, tí àwọn àlejò ṣì ń wá wò títí di òní. Odi tí kò ní ẹnubodè, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Ẹnubodè ni ibi tí ìlú ti ń bi ẹni tí ń bọ̀ léèrè orúkọ rẹ̀, kí ó tó mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni tàbí ọ̀tá. Ẹ má sì ṣe gbàgbé pé pẹ̀lú odi náà, pẹ̀lú yàrà náà, ogun Dàhòmì kó Kétu ní 1886. Kò sí ìdènà tí ó tó pátápátá. Síbẹ̀ àwọn tí ó padà wá tún ìlú náà tẹ̀ dó. Ní ìlú yìí kan náà ni Ẹ̀fẹ̀ ti ń jáde ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí tọkùnrin tobìnrin ń jókòó síta láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn tí ó mọ ohun tí òru lè gbé wá jù lọ kò tìtorí rẹ̀ sọ pé ọ̀tá ni gbogbo ohùn òru.

Ibí yìí ni eré náà ti pin. Ẹni tí ó wà nínú ahéré Darkwood, òun nìkan ni lóru. Kò sí ilé kejì tí ó lè ké sí. Oníṣòwò òwúrọ̀ sì ń san èrè fún yíyè nìkan; kò béèrè ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn. Òwúrọ̀ tiwa máa ń béèrè.

Àwa ilé márùn-ún tí ó wà ní ẹsẹ̀ kan náà jókòó pọ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. A fún ara wa ní nọ́mbà fóònù. A fẹnu kò pé ẹni tí ó bá kan ilẹ̀kùn lóru gbọ́dọ̀ pe orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ onílé. Ẹni tí ó bá gbọ́ yóò dáhùn láti ojú fèrèsé, yóò sì pe ilé mìíràn, kí ó má bàa jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni yóò jáde. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti kan ilẹ̀kùn mi lóru. Ní àkọ́kọ́, ọ̀mùtí kan ni, ó ṣi ilé. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ikọ́ fée ni ó mú bàbá àgbà kan ní ilé kẹta, a sì gbé e dé ilé ìwòsàn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo béèrè, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Mo pe aládùúgbò mi, òun náà wo ìta, a kò ṣílẹ̀kùn. Títí di òní, a kò mọ ẹni tí ó jẹ́. Ẹ̀rù bà mí ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ó ti bà mí ní òru ọyẹ́ yẹn. Ẹ̀rù kò lọ, ṣùgbọ́n mo dáhùn.

Mo fún akẹ́kọ̀ọ́ náà ní 14 nínú 20. Mo kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀ pé ó ti ṣàlàyé dáadáa bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn, kò tíì ṣàlàyé ìgbà tí ó yẹ kí a ṣí i. Ó wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì, ó ní eré náà kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ òun. Òótọ́ ni ó sọ. Èmi ni mo bi í, mo sì fẹ́ bi ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí pẹ̀lú: kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ta ni nínú àdúgbò yín tí ó lè kan ilẹ̀kùn yín, kí sì ni ẹ ti pinnu láti sọ fún un?